Accord V6 ni àbí Camry SE? Bí a ṣe ń yan ọkọ̀ tó lè sáré láì kó wa sí gbèsè

Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ kà á, tiyín nìyí: ohun tá a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ níbí. A kàn yọ ẹ̀rín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kúrò ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni lónìí. Arákùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń lọ wò wọ́n, nígbà míì á sì gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tọ́jú owó tó fẹ́ fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó máa dáhùn lójú ẹsẹ̀ tí òun bá tẹ̀ ẹ́ lòun fẹ́, kì í ṣe èyí tó máa kọ́kọ́ ronú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ìyá òun sì gbọ́dọ̀ lè na ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ra Honda Accord V6. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Toyota Camry. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní Benz ni kó rà kó lè gbayì. Ó wá bi wá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí?"

Owó ọdún mẹ́ta kì í ṣe owó tí èèyàn fi ń dán nǹkan wò. Tó bá ṣi ọkọ̀ rà, kò sí òmíràn nílẹ̀. Nítorí náà a ò ní kàn dárúkọ ọkọ̀ kan ká sá lọ. A máa ṣàlàyé bí a ṣe rò ó, kí ẹ̀yin náà lè lò ó tó bá kàn yín, kódà tó bá jẹ́ ọkọ̀ míì lẹ fẹ́ rà.

Irú ọkọ̀ wo là ń sọ gan-an?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní midsize sport sedan. Sedan ni ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí búùtù rẹ̀ dá dúró lẹ́yìn. Midsize túmọ̀ sí pé ó tóbi ju Corolla àti Civic lọ: èèyàn mẹ́ta lè jókòó lẹ́yìn láì gbé ara wọn lé ẹsẹ̀.

Sport yẹn gan-an ni ẹ̀tàn máa ń wà nínú rẹ̀. Ariwo sàlẹ́ńsà kọ́. Ìyẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ búùtù kọ́. Sítíkà pupa kọ́. Nǹkan mẹ́ta ni: ẹ́ńjìnì tó lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó le díẹ̀, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bá gba kọ́nà, àti táyà pẹ̀lú bíréèkì tó lè dá gbogbo agbára yẹn dúró. Ọkọ̀ tó ní ìkíní tí kò ní ìkẹta, ewu ni.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ yìí tó wà lójú títì wa, tòkunbọ̀ ni. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe bá a mu: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ náà ti gbé ayé kan lọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ayé tó gbé yẹn.

Kí la fẹ́ fi agbára ṣe?

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣé Road Safety ò fòfin de eré ni? Òótọ́ ni. Ọkọ̀ aládàáni ò gbọ́dọ̀ kọjá 100 kilomítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ onílà méjì, àti 80 lórí ọ̀nà gbogboogbò. Kí wá ni V6 wà fún?

Ẹ jẹ́ ká lọ sójú ọ̀nà àtijọ́ tó wà láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, títì kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Tírélà tó di ẹrù wà níwájú yín, ó ń rá gun òkè ní 40 kilomítà ní wákàtí kan. Ẹ fẹ́ yà á sílẹ̀. Tá a bá ka gígùn tírélà náà, tá a sì fi àyè tó yẹ kó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ kún un, ẹ máa fi nǹkan bí 50 mítà ju tírélà lọ kẹ́ ẹ tó lè padà sí ọwọ́ ọ̀tún yín.

Tí ọkọ̀ yín bá ń sá 60, ogún kilomítà péré lẹ fi ju tírélà lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 9 lẹ máa lò lójú ọ̀nà ẹlòmíì. Láàárín àkókò yẹn, ẹ ti rin 150 mítà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní 80 náà sì ti rin 200 mítà. Àpapọ̀ jẹ́ 350 mítà tí ojú yín gbọ́dọ̀ rí kẹ́ ẹ tó yà. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yín bá lè tètè dé 80, ìṣẹ́jú-àáyá 4 ààbọ̀ ti tó, 200 mítà nìkan sì lẹ nílò.

Ohun tá a fẹ́ fi agbára ṣe nìyẹn, kì í ṣe ká fi na ẹlòmíì lórí afárá. Bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò ní 40 tó fi dé 80 ló yẹ kẹ́ ẹ bi í, kì í ṣe bó ṣe lè dé 200. Ẹ sì rántí pé agbára kì í sọ ibi tí ojú ò rí di ibi tí ojú rí. Lórí òkè àti ní kọ́nà, V6 àti plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ̀yìn tírélà ni kí àwọn méjèèjì dúró sí.

Àwọn tó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Toyota Camry SE V6, ọdún 2007 sí 2011. Òun ni gbogbo wa ń pè ní Muscle. Ẹ́ńjìnì lítà 3.5, horsepower 268, jíà mẹ́fà. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnì náà, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan máa sọ fún yín pé ó ti tó pààrọ̀ bẹ́líìtì. Nínú SE, Toyota mú ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì le ju ti LE lọ, wọ́n sì fi irin kan há ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn kí ara ọkọ̀ lè dúró gírígírí. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó ẹ̀yìn SE kì í fi í ṣẹ́ wálẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹnì kan bá fẹ́ lẹ àmì SE mọ́ LE fún yín.

Kí ni àléébù rẹ̀? Nínú àwọn V6 ìbẹ̀rẹ̀, páìpù kan wà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ara ẹ́ńjìnì tó ní rọ́bà láàárín. Rọ́bà yẹn lè bẹ́, gbogbo ọ́ìlì á sì dà sílẹ̀ lójijì. Toyota fi irin lódindi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá irin ni àbí rọ́bà. Ìkejì: àwọn ọdún 2007 sí 2010 wà lára àwọn tí Toyota pè padà nítorí káńpẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tó lè há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ láti sáré. Ẹ má fi káńpẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn. Ìkẹta: ọ̀pọ̀ Camry SE tó wà lọ́jà ò ní V6 rárá, plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni wọ́n. Èyí tó jẹ́ lítà 2.4 láàárín 2007 sí 2009 sì ti gbajúmọ̀ fún jíjẹ ọ́ìlì. Láti 2010, lítà 2.5 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Honda Accord V6, ọdún 2008 sí 2012. Evil Spirit. Orúkọ yẹn nìkan ti ta ọkọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Lítà 3.5 lòun náà, horsepower 268, kó tó di 271 nígbà tó yá. Jíà márùn-ún ló ní. Ó fẹ̀ nínú gan-an, ìyá arákùnrin wa máa fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tèmi, tó bá di ká gba kọ́nà, Accord ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sítíárìn ju Camry lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa wakọ̀ fúnra rẹ̀ máa mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bẹ́líìtì ló ń yí inú V6 Honda. Nǹkan bí 160,000 kilomítà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá já kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, fáàfù àti písítínì máa gbá ara wọn, ẹ́ńjìnì lódindi lè bá a lọ. Ìkejì ni VCM. Tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ní kí díẹ̀ nínú plọ́ọ̀gì mẹ́fà náà sinmi, kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ṣiṣẹ́, kí epo má baà lọ púpọ̀. Èrò tó dára ni. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ́ìlì máa ń yọ́ wọ ibi tó ń sinmi yẹn, á dọ̀tí plọ́ọ̀gì, ọkọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ́ìlì á sì máa dín kù láìjò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.4, ò ní VCM, ṣéènì ló sì ń lò.

Nissan Maxima, ọdún 2009 sí 2014. Horsepower 290, òun ló lágbára jù nínú àwọn tí kò gbowó orúkọ ńlá. Nissan fúnra wọn ń pè é ní ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n CVT nìkan ni jíà rẹ̀. CVT ò ní jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Bẹ́líìtì irin kan ló ń sún lórí kẹ̀kẹ́ méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì. Ó ń lọ geere, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ooru, ọ́ìlì tirẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mu, kì í ṣe ọ́ìlì jíà èyíkéyìí. Tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó tàbí mẹkáníìkì àdúgbò bá ti da ọ́ìlì míì sí i, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀.

Acura TL, ọdún 2009 sí 2014. Honda ló ń ṣe Acura, nítorí náà ọmọ ìyá Accord ni, àmọ́ tó wọ agbádá. Horsepower 280, tàbí 305 nínú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń wọ́ ọkọ̀. Nínú gbogbo wọn, òun lọkọ̀ tó dùn ún wà jù. Bẹ́líìtì lòun náà ń lò, Acura sì ní kí wọ́n máa fún un ní epo premium. A máa padà sórí ìyẹn.

Mẹ́sẹ́dẹ́ǹsì C300 àti BMW 328i. Ibí ni mo fẹ́ kí arákùnrin wa tẹ́tí sí dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. C300 ti nǹkan bí 2008 sí 2011, horsepower 228 ló ní. BMW 328i ti àkókò kan náà, 230. Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ fi wé 268 ti Camry. Wọ́n tún kéré nínú ju Camry àti Accord lọ. Òótọ́ ni pé táyà ẹ̀yìn ló ń ti BMW, ó sì ń gba kọ́nà bí ẹja nínú omi. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó ń yí omi inú rẹ̀, iná mànàmáná ló ń lò. Tó bá kú, ó kú nìyẹn, ẹ́ńjìnì sì máa gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò fi táyà ìpamọ́ sí i, nítorí irú táyà tó lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jò ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ kòtò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, níbo lẹ ti máa rí irú táyà yẹn? Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ní owó kejì nílẹ̀ fún àtúnṣe. Arákùnrin wa ò ní in.

Ọ̀rọ̀ epo

Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó ń ra ọkọ̀ tí kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kì í mu epo?" Ẹ̀rù V6 sì ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ ká wo òǹkà.

Nínú àyẹ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà, Camry V6 ti 2008 ń mu nǹkan bí lítà 12.4 fún 100 kilomítà nínú ìlú, àti 8.4 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ti plọ́ọ̀gì mẹ́rin jẹ́ 11.2 nínú ìlú, àti 7.6 lójú márosẹ̀. Accord V6 àti Camry V6 dọ́gba nínú ìlú. Ìrìn àjò Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ nǹkan bí 200 kilomítà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín V6 àti plọ́ọ̀gì mẹ́rin lórí ìrìn yẹn ò pé lítà 2.

Ìyẹn ni pé V6 ò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, tí ara rẹ̀ bá le. V6 tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí, tí afẹ́fẹ́ ò wọ inú rẹ̀ dáadáa, tó sì ń lo gbogbo ọjọ́ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ìlú Èkó, ìyẹn máa mu ju gbogbo òǹkà tá a kà yìí lọ. Ẹ wo irú ìrìn tẹ́ ẹ ń rìn. Tó bá jẹ́ Ojúẹlẹ́gba sí Ìkẹjà lójoojúmọ́ ni, ẹ má ra V6, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ ti máa lò ó.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni irú epo wo ni ọkọ̀ ń fẹ́. Camry V6 àti Accord V6, epo lásán ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Acura TL, BMW, àti Benz, premium ni àwọn tó ṣe wọ́n ní kí wọ́n máa mu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ilé epo wa, ẹyọ epo kan ló wà. Ẹni tó ń ta epo ò ní bi yín pé èwo lẹ fẹ́. Tí ẹ́ńjìnì tó ń fẹ́ premium bá ń mu epo lásán, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa fawọ́ agbára sẹ́yìn kó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ wá sanwó agbára tẹ́ ẹ ò lè lò.

Airbag tó lè di ọ̀tá

Èyí ṣe pàtàkì ju horsepower lọ, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fò ó.

Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Takata, ará Japan, ló ń ṣe airbag fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lágbàáyé nígbà kan rí. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fẹ́ airbag náà máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ fún ọdún púpọ̀. Tó bá ti bàjẹ́, lọ́jọ́ ìjàǹbá, dípò kó fẹ́ airbag jẹ́jẹ́, ó máa bú gbàmù, á sì fọ́n irin wẹ́wẹ́ sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Èèyàn ti kú. Òun ni ìpèpadà ọkọ̀ tó tóbi jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà, ó sì sọ Takata di onígbèsè ní 2017.

Accord 2008 sí 2012 wà lára rẹ̀. Acura TL 2009 sí 2014 wà lára rẹ̀. Ẹ sì ronú sí i: ooru àti ọ̀rinrin, ṣé ibòmíì ló tún kù ju ilẹ̀ wa lọ? Tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ò bá gbé e lọ fún àtúnṣe kó tó tà á, bó ṣe wà nìyẹn tó fi gun ọkọ̀ ojú omi wá. Ó dùn mọ́ni pé ẹ lè mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi fóònù yín ṣe

Gbogbo ọkọ̀ ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní VIN. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ máa tún rí i lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí méjèèjì ò bá jọra, ẹ kí ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Ẹ ya fọ́tò VIN náà, kẹ́ ẹ wá ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ìkẹwàá nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Tẹ́nu bá ní 2011 tí VIN bá sọ 8, VIN ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Ìkejì, ẹ wo ẹ́ńjìnì. Nínú Camry Muscle tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1BK, V6 ni. 4T1BE, plọ́ọ̀gì mẹ́rin lítà 2.4 ni. Nínú Accord Evil Spirit, 1HGCP3 ni V6, 1HGCP2 sì ni plọ́ọ̀gì mẹ́rin.

Ìkẹta, ẹ lọ sórí ìkànnì NHTSA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, kẹ́ ẹ tẹ VIN síbi tí wọ́n ti ń wo ìpèpadà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa sọ fún yín bóyá airbag tàbí nǹkan míì ṣì wà tí wọn ò tíì tún ṣe.

Ìkẹrin, ẹ tẹ VIN náà sínú Google lásán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba ọjà gbàǹjo kọjá ní Amẹ́ríkà máa ń fi fọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń dán níwájú yín yìí nígbà tí imú rẹ̀ ṣì fọ́, tàbí tí omi mù ún dé ìjókòó.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wò ó

Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ti tan ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Ẹ́ńjìnì tó tutù ló ń sọ òótọ́. Ẹ wo irin ìwọn ọ́ìlì. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá tan án: èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ gbé jíà sí D, ẹ gbé e sí R. Tó bá ta bíi ẹni tí wọ́n gbá létí, jíà ń ṣàìsàn.

Ẹ fà bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin. Tí amọ̀ tàbí àmì omi bá wà lára rẹ̀, ọkọ̀ náà ti rì rí. Ẹ gbé káńpẹ́ẹ̀tì sókè, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ẹ̀gbẹ́ táyà. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó, bó bá tilẹ̀ nípọn, kò lè gbé ọkọ̀ V6 dúró.

Ẹ ra sikánà kékeré tó ń lo Bluetooth. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ máa kì í bọ̀, áàpù orí fóònù á sì ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Tẹ́ ẹ bá rí P0301 dé P0306, ìyẹn ni pé plọ́ọ̀gì kan ò jó dáadáa, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ èwo. Nínú Accord V6, ẹ rántí VCM lójú ẹsẹ̀. Tí áàpù bá ní kò sí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n tó ní àwọn àyẹ̀wò inú ọkọ̀ ò tíì parí, ẹ ṣọ́ra: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àwọn àṣìṣe náà nù láàárọ̀ yẹn, tàbí kí wọ́n yọ bátìrì.

Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ láti Kútọnu láìníwèé lè wọ́n kéré, àmọ́ wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú pópó, ẹ ò sì ní rí ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà.

Ìdáhùn wa fún arákùnrin wa

Camry SE V6, ọdún 2010 tàbí 2011. Ìdí nìyí. Agbára tí wọ́n fi ń yà tírélà sílẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ju ti Benz tí mẹkáníìkì rẹ̀ ń pariwo lọ. Epo lásán ló ń mu. Kò ní bẹ́líìtì tó ń ka ọjọ́, kò ní VCM. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ Camry, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri, Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ máa jókòó pẹ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SE le díẹ̀ ju LE lọ tó bá wọ kòtò.

Tí kò bá rí èyí tí ara rẹ̀ le, kó má fi ipá ra V6 tó ti gbó. Kó ra Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, irú EX tó ní horsepower 190. Sítíárìn rẹ̀ dùn, ṣéènì ló ń lò, kò sì ní ìṣòro ọ́ìlì ti V6. Kó ṣáà rí i pé wọ́n ti tún airbag rẹ̀ ṣe.

Ta ló yẹ kó ra Accord V6? Ẹni tó fẹ́ràn wíwakọ̀ ju gbogbo nǹkan lọ, tó rí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, tó sì ṣe tán láti máa wo ọ́ìlì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló yẹ kó ra Acura TL? Irú ẹni yẹn kan náà, tí owó rẹ̀ bá tún fẹ̀ sí i. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Èwó wù kó jẹ́, arákùnrin mi, má na gbogbo owó ọdún mẹ́ta yẹn lórí ọkọ̀. Pín in sí ọ̀nà márùn-ún, fi mẹ́rin rà á, kó o fi ìdá kan pamọ́. Táyà mẹ́rin, bíréèkì tuntun, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ti jíà, omi rẹdiétọ̀, ìwé ọkọ̀ àti ìnsọ́ránsì: inú ìdá yẹn ni wọ́n ti máa jáde, ní oṣù kìíní. Bíréèkì ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kó o tó ra ẹ̀rọ orin. Tí ìdá mẹ́rin náà ò bá ká V6 tó dára, á jẹ́ pé owó rẹ ò tíì tó V6 nìyẹn. Accord oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tó le á gbé ìyá rẹ dé ilé ìwòsàn láyọ̀ àti àlàáfíà.

Ẹ̀yin yòókù, tó bá jẹ́ pé ẹ ní ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: ọdún wo ni, kí ló ti bàjẹ́ rí, ta ló tún un ṣe dáadáa? A máa gbé e sórí ètò tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ lọ sanwó ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó jáde nílé.

Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ó dìgbà kan ná.